Eré Agbára àti Ìlera: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Tí À Ń Gbé Òṣogbo

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sáré láàárọ̀ Àbámẹ́ta káàkiri Òṣogbo kì í gbé ohun tó wúwo rárá. Nínú àwọn tó sì ń gbé e, àyà àti apá nìkan làwọn kan ń bá jà, ẹsẹ̀ wọn á wá dà bí ọwọ̀. Ẹni tí a kọ èyí fún ni ẹni tó fẹ́ kí iṣan òun wúlò: kó dìde lórí àpótí láìdi ògiri mú, kó gbé omi wọlé, kó sì darúgbó láìsí pé wọ́n ń gbé e.

Kí là ń pè ní eré agbára?

Eré èyíkéyìí tó bá mú iṣan bá ìwúwo wọ̀yá ìjà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ó tó, láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìwúwo náà lè jẹ́ irin, kẹ́ẹ̀gì omi, rọ́bà tó ń fà, tàbí ara ẹni fúnra rẹ̀. Kí ẹ rìn láti Ọlá-Ìyá lọ sí Òkè-Fìà dára fún ọkàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré agbára.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ó máa lò: ọ̀wọ́. Bí ẹ bá lóṣòó tí ẹ sì dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó sinmi, ọ̀wọ́ kan nìyẹn. Ọ̀wọ́ 3 tó jẹ́ 10-10 túmọ̀ sí pé ẹ ṣe mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ ṣe mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe mẹ́wàá.

Àǹfààní wo ló ń ṣe fún ara ní pàtó?

Láti bí ọmọ 30 ọdún ni iṣan ti ń dín kù, ìpín 3 sí 8 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn 60. Kì í dun ni, kì í sì í tètè hàn nínú dígí, torí ọ̀rá ló ń gba ipò rẹ̀. Aṣọ àná ṣì ń bá yín mu. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ǹṣì níbi ìnáwó, tí ojú yín ń wá ẹni tó máa fà yín sókè, ọjọ́ náà ni ẹ tó máa mọ̀. Ìrìn nìkan ò lè dá iṣan yìí padà. Ẹrù ló ń dá a padà.

Egungun náà ń gbọ́ ti ẹrù. Bí iṣan bá ń fa egungun, tí ìwúwo sì ń tẹ̀ ẹ́, ara á kó èròjà lọ síbẹ̀ láti mú un ki. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró ló nílò èyí jù, nítorí láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni egungun ń yára fẹ́lẹ́. Ìwádìí kan jáde ní Ọsirélíà ní 2018: àwọn obìnrin tí egungun wọn ti fẹ́lẹ́ gbé irin tó wúwo fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù 8, olùkọ́ sì dúró tì wọ́n. Egungun ẹ̀yìn wọn ki sí i. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń ṣe eré fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nílé, tiwọn ń dín kù.

Orúnkún tó ń dun àgbàlagbà: iṣan itan ló yẹ kó máa gba ẹrù mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí itan bá rọ, orúnkún nìkan ló ń jìyà. Ìdí nìyí tí eré agbára fi jẹ́ ara ìtọ́jú orúnkún, tí kì í ṣe ohun tí olórúnkún dídùn gbọ́dọ̀ sá fún. Ó tún ń dín ìṣubú àgbà kù, ó ń jẹ́ kí oorun wá, ó sì ń gbé ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì sókè. Ti ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìbéèrè tiwọn nísàlẹ̀.

Ọjà ni mo ń tà, mo ń ru ẹrù lójoojúmọ́. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi wá jù, ó sì ní òótọ́ nínú. Aláàárù tó ń ru báàgì ìrẹsì lágbára ju ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì lọ, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ara kì í lágbára kọjá ohun tí a bi í. Ẹni tó ti ń gbé agbọ̀n tòmátì kan náà fún ọdún 10, oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ara rẹ̀ fi le sí i. Láti ìgbà náà, ó kàn ń lo ohun tó ti ní ni, ọjọ́ orí sì ń yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Èkejì ni pé iṣẹ́ kì í pín ẹrù dọ́gba. Ìyá aláró tó ń rẹ aṣọ nínú ìkòkò aró ń lo apá àti ẹ̀yìn, ibì kan náà, láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń gúnyán ń lo èjìká, itan rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń ru ẹrù lórí ń fi ọrùn gbà á, ẹlòmíì ló sì máa ń gbé e rù ú, nítorí náà ibi tí àǹfààní itan àti ìdí wà gan-an, ẹlòmíì ló ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó tún jókòó ti ìsọ̀ fún wákàtí mẹ́fà.

Ìmọ̀ràn wa fún oníṣẹ́ agbára: ẹ má fi ohun tí iṣẹ́ yín ti ń lò jù kún un. Bí ẹ̀yìn bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ lọ wá itan, àyà àti ikùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 25, ní ọjọ́ tí ọjà ò bá le.

Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 sọ pé ó kéré tán ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, kí ó sì kan gbogbo iṣan ńláńlá ara. Ẹni tó ti lé ní 65, ọjọ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kó fi ṣe èyí tó ní agbára àti ìdúró ṣinṣin nínú. Èyí yàtọ̀ sí ìrìn kíákíá tàbí eré sísá, tí wọ́n ní kó tó ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ìkan kì í rọ́pò èkejì.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín ìgbà méjì. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ máa ń rọrùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Mi ò lówó gíìmù. Kí ni mo lè lò?

Omi lítà 1 wúwo tó kìlógíráàmù 1, ìdí nìyí tí kẹ́ẹ̀gì fi dára. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 tí ẹ bu omi kún jẹ́ kìlò 5. Ti lítà 25 jẹ́ kìlò 25 àti díẹ̀. Báàgì pure water tó ní ọ̀rá 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, jẹ́ kìlò 10. Ẹ kó o sínú àpò ìrẹsì òfìfo kí ẹ tó gbé e, torí bí ọ̀rá kan bá bẹ́, ilẹ̀ á yọ̀, ẹsẹ̀ á sì yọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì tí omi dé ìdajì nìkan máa ń mì, omi á lọ sí apá kan, á sì fa ọrùn ọwọ́ yín lọ. Bí ìyẹn bá ń dà yín láàmú, ẹ lo iyanrìn gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: iyanrìn wúwo ju omi lọ, lítà 1 rẹ̀ ń lọ sí bíi kìlò 1.6, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tó kún fún iyanrìn ti di kìlò 16. Ẹ wé àkísà mọ́ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló máa ń gé àtẹ́lẹwọ́ tí ènìyàn á fi jù ú sílẹ̀ kó tó rẹ itan.

Rọ́bà túbù tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù dára fún fífà: ẹ so ó mọ́ òpó, kí ẹ fa á wá sí ìhà. Ẹ kọ́kọ́ na án kí ẹ wo ara rẹ̀. Èyí tó bá ti ń sán lè já sí yín lójú.

Ètò wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú?

Ohun márùn-ún péré. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 rìn kíákíá, kí ẹ sì ju apá, kí ara kọ́kọ́ gbóná.

Lóṣòó: ẹ dúró síwájú àga, ẹ jókòó díẹ̀díẹ̀ títí ìdí á fi kan àga fẹ́rẹ́, ẹ dìde. Kí orúnkún máa kọjú sí ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, kó má wọ inú. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ gbá kẹ́ẹ̀gì lítà 5 mọ́ àyà. Ọ̀wọ́ 3, 8 sí 12.

Gbígbé kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀: ọ̀wọ́ 3, 8 sí 10. Àlàyé rẹ̀ ń bọ̀, torí òun ló ń ba ẹ̀yìn jẹ́ bí a bá ṣe é bó ṣe wù wá.

Púṣọ́ọ̀pù: ẹni tí kò lè ṣe é nílẹ̀, kó fi ọwọ́ ti ògiri. Bí 15 bá ti rọrùn lára ògiri, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí etí tábìlì tó dúró dáadáa, lẹ́yìn náà bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn náà ilẹ̀. Fífi orúnkún kúnlẹ̀ ṣe é kò burú, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí a sọ yìí máa ń tètè gbé ènìyàn débẹ̀.

Fífà: ẹ fi ọwọ́ òsì ti àga, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fa kẹ́ẹ̀gì wá sí ìhà, ìgbọ̀nwọ́ á lọ sẹ́yìn. Ọ̀wọ́ 3, 10 fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan.

Rírìn pẹ̀lú ẹrù: kẹ́ẹ̀gì méjì tó dọ́gba, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn ní mítà 20, ẹ padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá ń tẹ̀ sí ọ̀nà kan ti gbé èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ sinmi ìṣẹ́jú 2 láàárín ọ̀wọ́ méjì. Àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́ èyí, wọ́n rò pé mímí hẹlẹhẹlẹ ló ń kọ́ iṣan. Ọkàn lẹ ń kọ́ nígbà yẹn. Iṣan tí kò sinmi ò ní lè gbé ẹrù tó yẹ ní ọ̀wọ́ tó kàn.

Báwo ni kí n ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀ tí ẹ̀yìn ò ní dùn mí?

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbámu pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀. Kì í ṣe níwájú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ẹrù tó bá jìnnà sí ara di ẹrù ńlá fún ìbàdí. Ẹ na kẹ́ẹ̀gì lítà 5 síwájú pẹ̀lú apá gbọọrọ, kí ẹ tún gbé e mọ́ ikùn. Ohun kan náà ni, ara ni ó mọ ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìdí sẹ́yìn, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún tó fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, àyà á tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn á wà ní gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ wa ni ìgbálẹ̀ kúkúrú ti kọ́ láti máa tẹ ẹ̀yìn bí ọrun, nítorí náà ẹ dán an wò pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ gígùn: ẹ gbé e sí ẹ̀yìn lóròó, kó kan ìpàkọ́, kó kan àárín èjìká, kó sì kan egungun òkè ìdí. Ẹ tẹ̀ síwájú. Bí igi bá kúrò ní ọ̀kan nínú ibi mẹ́ta yìí, ẹ̀yìn ti tẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣe é láìgbé ẹrù títí igi ò fi ní kúrò mọ́. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ di kẹ́ẹ̀gì mú, ẹ fa èémí wọlé, ẹ mú ikùn le bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá níkùn. Ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ẹ dìde, ẹ máa tú èémí jáde bí ẹ ti ń dé òkè. Níbẹ̀, ẹ fún ìdí pọ̀; ẹ má tẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀nà kan náà lẹ fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó gbé e dáadáa, tí wọ́n wá jù ú sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀yìn ń dùn lọ́jọ́ kejì.

Ẹ bọ́ sílípáàsì. Ẹsẹ̀ òfìfo lórí ilẹ̀ gbígbẹ tàbí kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ ló dára.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹrù náà tó, ìgbà wo sì ni kí n fi kún un?

Ẹrù tó tọ́ ni èyí tó jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá parí ọ̀wọ́, ẹ mọ̀ lọ́kàn yín pé méjì péré ló kù tí ẹ lè ṣe dáadáa. Bí mẹ́wàá bá kù, ẹ kàn ń ṣeré ni. Bí òdo bá kù, ìgbésẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Ẹ ra ìwé kékeré. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ajé. Kẹ́ẹ̀gì 15. 10, 10, 8." Nígbà tó bá di 12, 12, 12, ẹ fi kìlò 1 sí 2 kún ti apá, 2 sí 5 kún ti itan, kí ẹ padà sí 8. Ó jọ nǹkan kékeré. Ẹni tó bá ń fi kìlò 1 kún un lọ́sẹ̀ méjì-méjì, láti Ọdún Iléyá kan dé òmíràn ó ti lé ní 20. Ẹni tí kò ní ìwé máa ń gbé ẹrù kan náà títí ọdún á fi yí po, á wá ní eré náà ò ṣiṣẹ́.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kò ní ṣe mí níbi?

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà ní 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má gbé ohunkóhun; dókítà ni kí ẹ rí lákọ̀ọ́kọ́. Bí oògùn bá ti mú un rọlẹ̀, eré agbára tún ń ràn án lọ́wọ́ láti rọlẹ̀ sí i.

Ohun tó léwu ni dídi èémí mú. Bí ẹ bá fún ara mọ́ra tí ẹ ò mí, ẹ̀jẹ̀ á ru fùú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ máa kà sókè nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, "ení, èjì, ẹ̀ta". Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò lè di èémí mú. Ẹrù tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ yín, kì í ṣe èyí tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Eré kan wà tó yẹ kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀: ìjókòó ògiri. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀, ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Nínú àkójọ ìwádìí tó jáde ní 2023, irú eré tí a ń dúró sójú kan ṣe yìí ló mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, nǹkan bí 8 lókè àti 4 nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni ìṣẹ́jú 2 lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìsinmi ìṣẹ́jú 1 sí 4 láàárín wọn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 gùn ju bó ṣe dún lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ìdí sì wà lókè díẹ̀. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín nítorí pé ẹ̀rọ ka nọ́ḿbà tó dùn mọ́ yín.

Àyà dídùn, òòyì, ojú tó ń ṣú: ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́?

Iṣan ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tí ínsúlínì ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ tún lè ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà fúnra rẹ̀ láìdúró de ínsúlínì, àǹfààní yìí sì máa ń tó wákàtí 24 lẹ́yìn eré, nígbà míì ó ń dé 48. Ẹni tó bá wá ní iṣan púpọ̀ ní àká ńlá tí ṣúgà lè wọ̀ sí.

Ẹni tó ń gún ínsúlínì tàbí tó ń lo glibenclamide (oògùn ṣúgà kan) ní láti yẹ ṣúgà wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ 90 (ẹ̀rọ míì á kọ 5.0), ẹ jẹ kúúbù ṣúgà 3 sí 4 tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá ju 250 (13.9) lọ tí ara ò sì yá, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ wọ bàtà, kí ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lẹ́yìn eré. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ lè tẹ ìṣó láìmọ̀. Ẹni tí dókítà ojú ti sọ fún pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo títí dókítà á fi fọwọ́ sí i.

Bàbá mi ti lé ní 75. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Ní 1990, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àgbàlagbà 10 ní ilé ìtọ́jú arúgbó, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 90, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìpín 174 nínú 100 pọ̀ sí i. Bàbá yín ṣì kéré.

Ẹ kọ́kọ́ dán wọn wò: kí wọ́n jókòó sórí àga tó le, kí wọ́n ká apá mọ́ àyà, kí wọ́n dìde kí wọ́n sì jókòó lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, ẹsẹ̀ ti rọ. Bí wọn ò bá lè dìde rárá, ẹ fi ìrọ̀rí méjì lé àga kó ga, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: 5, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú gíga náà. Ẹ jẹ́ kí àga kan ògiri, kí ẹnìkan sì wà nítòsí.

Àwọn bàbá tó ti ń kírun lórí àga nítorí pé dídìde láti inú ìforíkanlẹ̀ ti le, èyí gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n nílò. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa padà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ pé àìlágbára itan nìkan ló lé wọn sórí àga máa ń padà. Fún ẹni tó ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí tí egungun rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, oníṣẹ́ físíò ni kó kọ́kọ́ rí, irú àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN.

Obìnrin ni mí. Ṣé mi ò ní ki bí ọkùnrin?

Rárá. Èròjà tó ń mú iṣan ọkùnrin wú, ìwọ̀n tiwọn ju ìlọ́po mẹ́wàá ti obìnrin lọ. Ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022, Adijat Olarinoye gba wúrà fún Nàìjíríà nínú eré gbígbé irin, ní ìsọ̀rí kìlò 55: ó gbé kìlò 92, ó tún gbé 111, àròpọ̀ rẹ̀ 203. Ìlọ́po méjì ìwúwo ara rẹ̀ ló gbé kọjá orí, kò sì ki bí ọkùnrin. Kẹ́ẹ̀gì yín ò lè ṣe ohun tí 111 ò ṣe.

Aláboyún tí nọ́ọ̀sì ò rí nǹkan tó burú lára rẹ̀ lè máa bá a lọ, pẹ̀lú ẹrù tó fúyẹ́. Lẹ́yìn oṣù kẹta kó má fi ẹ̀yìn sùn ṣe eré fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde, ilé ìwòsàn ni. Ẹni tó bímọ nípa iṣẹ́ abẹ, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6, kí dókítà sì wo ojú ọgbẹ́. Bí ìtọ̀ bá ń já nígbà tí ẹ bá gbé nǹkan, ẹ dín ẹrù kù, kí ẹ máa fún ibi tí ẹ fi ń dá ìtọ̀ dúró pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lóòjọ́. Ẹ má tijú láti sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì.

AS ni ẹ̀jẹ̀ mi. Àbúrò mi jẹ́ SS.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ wọn sì lè ṣe gbogbo eré. Ewu tó wà níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n ó ń pani: kí ènìyàn tó ti pẹ́ tí kò ṣeré fi agídí ṣe é lọ́jọ́ kìíní, nínú oòrùn, pẹ̀lú òùngbẹ. Ẹ sinmi dáadáa láàárín ọ̀wọ́, ẹ mu omi, ẹ má bá ẹnikẹ́ni figagbága ní ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́. Bí ẹsẹ̀ bá kàn rọ lójijì tí kò fẹ́ gbé yín, ẹ dúró, ẹ wá ibòòji, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn bí kò bá lọ.

Ẹni tó jẹ́ SS, ẹrù tó fúyẹ́, ọ̀wọ́ kúkúrú, kó dúró kó tó rẹ̀ ẹ́, kí dókítà rẹ̀ sì mọ̀ sí i. Kó má ṣe é nínú òtútù ọyẹ́, kó má sì wẹ omi tútù lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni kí n máa jẹ?

Ẹni tó ń gbé ẹrù nílò purotéènì tó tó gíráàmù 1.2 sí 1.6 fún kìlò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀. Ẹni kìlò 60 nílò 72 ó kéré tán. Ẹyin kan jẹ́ 6. Ẹ̀wà sísè gíráàmù 100 jẹ́ nǹkan bí 8. Ẹja gíráàmù 100, nǹkan bí 20. Ẹ̀pà tó kún àtẹ́lẹwọ́, 7. Gààrí fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní nǹkan kan.

Ẹ wò ó báyìí: ẹyin 2 láàárọ̀ (12), àwo ẹ̀wà gíráàmù 250 lọ́sàn-án (20), ẹja 120 pẹ̀lú àmàlà lálẹ́ (24), ẹ̀pà ìkúnwọ́ 2 láàárín (14). Àròpọ̀ 70, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ègé wàrà kan á dí àlàfo náà. Kò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì ìyẹ̀fun olówó ńlá kankan níbẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni òkèlè méjì àti ẹran tó tó ìka ọwọ́.

Wọ́n ta oògùn kó-sára fún mi pé ó ń mú ara tóbi.

Ẹ dá a dúró, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà kó sọ bí ẹ ṣe máa dín in kù. Oògùn kan tó ń jẹ́ dexamethasone máa ń wà nínú ohun tí àwọn kan ń tà báyìí. Ojú á wú, ikùn á yọ, ènìyàn á rò pé òun ń sanra; lábẹ́lẹ̀, iṣan itan ń yọ́, egungun ń fẹ́lẹ́, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ń lọ sókè. Òdìkejì ohun tí ẹ wá gan-an ni. Bí ẹ bá sì dá a dúró lójijì lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ara lè dákú.

Ara ń ro mí gan-an lẹ́yìn ọjọ́ kìíní. Ṣé mo ti ṣèṣe?

Ìrora iṣan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, tó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò burú. Ẹ rìn, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Kì í sì í ṣe àmì pé eré náà ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan ó lè má sí mọ́, iṣan á ṣì máa dàgbà.

Ìrora tó mú bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé, tàbí tó ń sáré láti ìdí lọ sí ẹsẹ̀, ẹ dúró. Bí iṣan bá wú, tí ìtọ̀ sì dúdú bí zobo, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí iṣan tó bàjẹ́ ń dí kíndìnrín. Ẹ má gbé ibuprofen mì kí ẹ tó ṣeré pẹ̀lú ikùn òfìfo.

Nínú Ramadan ńkọ́?

Wákàtí kan lẹ́yìn ìṣínu, tàbí lẹ́yìn àṣámù. Ẹ jẹ́ kí ẹrù wà bó ṣe wà, kí ẹ dín ọ̀wọ́ 3 kù sí 1 tàbí 2. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pàápàá tó láti má pàdánù agbára fún oṣù kan. Ẹ fi ẹyin tàbí ẹ̀wà kún sààrì.

Ṣé ọmọdé lè ṣe é? Wọ́n ní kì í jẹ́ kí wọ́n ga.

Irọ́ ni. Ọmọ ọdún 7 sí 8 tó ń gbọ́ ìtọ́ni lè ṣe é pẹ̀lú ẹrù tó fúyẹ́, kí àgbà wà níbẹ̀. Ìfigagbága ta ló lè gbé e jù ló ń ṣe wọ́n léṣe.

Ìgbà wo ni màá rí èrè rẹ̀?

Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 àkọ́kọ́, ẹrù á fúyẹ́, ṣùgbọ́n ara ò tíì yí padà. Ọpọlọ ló ń kọ́ bí yóò ṣe pe iṣan jọ. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, ṣòkòtò á sọ fún yín. Egungun lọ́ra jù, oṣù mẹ́fà sókè. Aago 6 sí 7 àárọ̀, tàbí lẹ́yìn 5 ìrọ̀lẹ́, ló dára nítorí ooru.

Ibà mú mi, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀. Ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí ara tútù, kí oúnjẹ padà wọlé dáadáa fún ọjọ́ 3, kí ẹ sì ti parí oògùn ibà. Bí ẹ bá ń gbé kìlò 20, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 14 sí 15, ọ̀wọ́ 2 péré. Ọ̀sẹ̀ kejì, 17. Ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ ti padà sí 20, torí iṣan tó ti mọ iṣẹ́ kan rí kì í pẹ́ kó tó rántí. Bí ó bá jẹ́ pé oṣù 3 lẹ fi sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì, kí ẹ sì ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé yín.